Sábọ̀n-Gàrí Nìkan Kọ́ Ni Kánò

Ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ wọ ìlú Kánò kì í pẹ́ rárá kí ó tó mọ ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé wà. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, tí ó gbé àpótí rẹ̀ lérí, tí ó sì dárúkọ Sábọ̀n-Gàrí, kò sí ẹni tí yóò bi léèrè tí kò ní júwe ọ̀nà fún un. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ “ẹ káàárọ̀” kí oòrùn tó mú. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹ àmàlà. Níbẹ̀ ni yóò ti bá àwọn tí ń fi èdè rẹ̀ wàásù, ìbáà ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú mọ́sálásí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àgbàlagbà kan yóò ti bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́, agboolé wo sì ni?” Bí ó bá dáhùn dáadáa, ibi tí yóò sùn ti di mímọ̀.

Ohun rere ni èyí. Ẹni tí ó bá bú u kò tíì sun ìta rí ní ìlú onílùú. Ohun tí ó tọ́ kí ènìyàn fura sí ni ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e. Ọdún kan yóò kọjá, ọdún márùn-ún yóò kọjá, ogún ọdún yóò kọjá. Ọmọ Yorùbá náà yóò ti kọ́lé sílé, yóò ti fa ọmọ fún ọkọ, yóò sì máa pe ara rẹ̀ ní ará Kánò. Síbẹ̀, gbogbo Kánò tí ó mọ̀ kò ju òpópónà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: ibi tí ó ń sùn, ibi tí ó ti ń ṣòwò, ibi tí ó ti ń jẹun, àti ibi tí ó ti ń wọkọ̀ lọ sílé nígbà ọdún. Ìyókù ìlú náà, tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti ń náwó nájà kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí ohun tí ènìyàn ń rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá wà ní irú ipò yìí jókòó kí ó ṣírò iye tí àìmọ̀ náà ń ná an.

Sábọ̀n-Gàrí kò ṣàdéédé wà. Ní 1911 ni ojú irin tí ó gba Báró wá dé Kánò, nígbà tí ó sì di ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ti Èkó. Ojú irin yìí ni ó kó àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn káfíńtà, àwọn aránṣọ àti àwọn oníṣòwò wá láti ilẹ̀ Yorùbá, láti ilẹ̀ Ìgbò, àti láti Gold Coast ìgbà náà tí í ṣe Gánà òde òní. Ìjọba àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí àwọn àlejò yìí gbé láàrin odi pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀. Wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun. Èyí ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ fún wọn ní ẹ̀yìn odi, tí a sì ń pè é ní ìlú titun, nítorí ohun tí “sabon gari” túmọ̀ sí ní èdè Hausa nìyẹn. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn dáadáa: òyìnbó ni ó fa ìlà náà. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń gbé Kánò ṣáájú òyìnbó kò mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àdúgbò Ayagi wà nínú ìlú àtijọ́ títí di òní, àwọn ìrandíran tí ó sì tẹ̀ ẹ́ dó ń sọ Hausa bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ náà ni wọ́n kúkú bí wọn sí.

Ẹni tí ó bá ń rìn ní àwọn òpópónà Sábọ̀n-Gàrí yóò máa rí ìtàn kà lára orúkọ wọn. Abẹ́òkúta wà níbẹ̀, Ẹnúgù wà níbẹ̀, Àbá náà wà níbẹ̀. Yorùbá ní òpópónà tirẹ̀, Gold Coast ní tirẹ̀. Orúkọ Odútọ́lá àti ti Sànyàolú kò gbẹ́yìn. Ní kùtùkùtù ni àwọn alákàrà ti ń da epo sí agbada, tí àwọn ọmọ ilé ìwé yóò sì tò síwájú wọn pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n, àwọn ilé oúnjẹ yóò kún. Alámàlà yóò máa fi ìgbákọ bu ọkà láì wojú ènìyàn, gbẹ̀gìrì yóò tú lé ewédú, ẹni tí ó sì ti ilé iṣẹ́ ìjọba wá yóò bọ́ fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọbẹ̀ má baà ta sí i. Èlùbọ́ tí obìnrin náà ń rò lè ti Òkè-Ògùn wá lórí ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ ńlá ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe, àwọn tí ń jẹun níwájú rẹ̀ kì í sì í sábà dúpẹ́ tó. Ní àṣálẹ́, èéfín ẹran sísun àti orin rẹ́kọ́ọ̀dù yóò gba òpópónà kan. Láti 2000 tí ìpínlẹ̀ Kánò ti ń lo òfin Ṣàríà, ẹni tí ó bá fẹ́ mu ọtí kò tún lè wá ibòmíràn lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bá a wí pé kò kúrò ní Sábọ̀n-Gàrí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ń mutí, kì í sì í ṣe gbogbo alẹ́ ni a fi ń mu ún.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpópónà wọ̀nyí ni ọjà Sábọ̀n-Gàrí wà, èyí tí a ti fi orúkọ Muhammadu Abubakar Rimi pè nísinsìnyí, ọkùnrin tí ó jẹ́ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Kánò láti 1979 títí di 1983. Ọjà yìí ni àwọn Yorùbá mọ̀ jù lọ. Iná sọ nínú rẹ̀ ní 26 Oṣù Kẹta, 2016, ó sì jó ìsọ̀ tí wọ́n kà tó 3,800. Àwọn tí ó tí ibẹ̀ dìde kò kéré, ìyìn sì yẹ wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ìlú kò fẹ́ sọ síta nígbà náà nítorí àánú, tí a lè sọ nísinsìnyí tí ojú ti wálẹ̀. Oníṣòwò tí ó ní ìsọ̀ ní ọjà kan, tí ó ní àwọn oníbàárà ní ọjà kan, tí ó sì ń gba àwìn lọ́wọ́ àwọn tí ìsọ̀ wọn wà ní ọjà kan náà, kò ní ibi tí yóò yà sí bí iná bá dé. Ẹni tí ó fi yá a lówó ń sunkún tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń bá oníṣòwò kan ní Singer tàbí ní Kwari ṣe pọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ojú tí ó ti mọ ojú lè gbé ọjà fún un kí ó lọ máa tà á kí ó tó san. Wọn kì í fi owó ra irú ìmọ̀lójú bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ewu dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rà á, ní ọjọ́ tí ara dẹ̀.

Àwọn ọjà Kánò tí ó wà lẹ́yìn Sábọ̀n-Gàrí kò jìnnà. Kantin Kwari, ọjà aṣọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀. Àfonífojì ni “kwari” túmọ̀ sí, ẹni tí ó bá sì dé ibẹ̀ nígbà òjò kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Àǹkárá, léèsì, ṣádà àti aṣọ aṣíbí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń taṣọ ní ọjà mìíràn lọ ń rà kí wọ́n tó fi èrè lé e. Singer wà nítòsí pẹ̀lú, ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, ṣúgà, òróró àti ọṣẹ ní ọ̀pọ̀. Kófà Wambai jẹ́ ti bàtà àti àpò awọ. Yankaba jẹ́ ti tòmátì, ata àti ewébẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọsàn tí ó ti Benue wá yóò lọ sí Yan Lemo ní Na'ibawa, lójú ọ̀nà Zaria.

Ọjà Kurmi ni àgbà gbogbo wọn. Sàríkì Muhammadu Rumfa, tí ó jọba láti 1463 títí di 1499, ni ó dá a sílẹ̀. Nígbà náà kò tíì sí ìlú Ìbàdàn. Ọ̀nà rẹ̀ há, òrùlé rẹ̀ kò ga, ẹni tí ó bá sì sanra gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tí ó ru ẹrù. Awọ, ìlẹ̀kẹ̀, idẹ, ẹní, àgbọ̀n àti tùràrí wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ kò jìnnà púpọ̀ sí Kófà Mata, níbi tí kòtò àwọn aláró wà láti 1498 gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kọ síbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ bá ti Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo wá yẹ kí ó dúró wò ó dáadáa. Ọkùnrin ni àwọn aláró ibẹ̀. Ní ilẹ̀ tirẹ̀, obìnrin ni. Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ níhìn-ín láti fi ré aṣọ. Ìkòkò ni ti ọ̀hún. Aró kan náà ni.

Dawanau ni ó kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé sáré sọ. Ní ojú ọ̀nà Katsina ni ó wà, kò sì sí ọjà oúnjẹ oníhóró tí ó tóbi tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹ̀wà, ọkà bàbà, jéró, àgbàdo, ẹ̀pà àti yànmọtí wà níbẹ̀ lápò lápò, wọ́n tò wọ́n ga bí ilé. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńláńlá ti ń kó ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Ìyàwó ilé tí ó ń gbé Sábọ̀n-Gàrí, tí ó ń bọ́ ọmọ márùn-ún, tí ó sì ń ra ẹ̀wà ní òṣùwọ̀n kékeré lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á ní Dawanau, ń san èrè ènìyàn méjì lórí oúnjẹ tí ó wà nínú ìlú tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí obìnrin mẹ́rin bá da owó pọ̀, kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ ní òwúrọ̀, kí wọ́n ra àpò kan, kí wọ́n sì pín in, owó ọkọ̀ náà kò ní gbọ́n èrè náà tán. Ìgbà ìkórè ni ó dára jù, kì í ṣe ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí àká ti ń tán.

Kí ni ó wá ń dí wọn lọ́wọ́? Bí a bá bi wọ́n, wọn a ní ọ̀nà jìn, wọn a ní oòrùn mú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn kò gbọ́ èdè. Ọ̀pọ̀ ni ó ti lo ọdún púpọ̀ ní Kánò tí Hausa rẹ̀ kò kọjá “nawa ne” àti oókan títí dé ọgọ́rùn-ún. Hausa tí kò pé sì léwu lọ́jà ju àìgbọ́ pátápátá lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń ṣe àwọn Yorùbá báyìí. Bí obìnrin Yorùbá bá na aṣọ ní Kwari, tí ó dá iye kan lé e, alájà lè rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ó sì wí pé, “Albarka, Hajiya.” Àlùbáríkà ni obìnrin náà gbọ́. Lójú rẹ̀, ọkùnrin náà ti gbà, ó tún ń ṣàdúrà fún un. Yóò tú ìdí aṣọ rẹ̀, yóò na owó jáde, ọkùnrin náà yóò sì máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkùnrin náà sọ ni pé owó náà kò tó. Ọ̀nà ọ̀wọ̀ ni Hausa fi ń kọ iye tí a dá lé ọjà: kò ní sọ pé rárá, yóò súre fún ọ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí obìnrin náà máa retí ni “na sallama,” èyí tí ó túmọ̀ sí pé alájà ti fi ọjà sílẹ̀ fún un. Ìjà melòó ni kò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Obìnrin náà yóò padà sílé pẹ̀lú ìbínú pé Hausa yí ọ̀rọ̀ dà, alájà náà yóò sì sọ fún ìdajì ọjà pé Yorùbá fẹ́ fi ipá gba aṣọ òun. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ́jà náà ni ó rí nídìí oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín wà jù. Ìyá kan lè wà ní Sábọ̀n-Gàrí tí yóò máa sọ pé ewédú gidi kò sí ní ilẹ̀ Hausa, tí yóò sì máa retí kí ẹni tí ó ń bọ̀ láti ilé bá òun mú gbígbẹ rẹ̀ wá. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí sí Kánò, bá wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ewédú náà ni wọ́n kó sílẹ̀ ní Yankaba tí wọ́n ń pè ní ayoyo,” ìyá yóò dá a lóhùn pé, “Tẹnu ẹ lò ń gbọ́. Ti Hausa nìyẹn.” Ewé kan náà ni. Ọbẹ̀ ayoyo tí wọ́n ń fi jẹ tuwo láàrin odi àti ewédú tí ó wà lórí àmàlà ní òpópónà Abẹ́òkúta, ìyá kan náà ni ó bí wọn. Daddawa ni irú. Kosai ni àkàrà. Yakuwa ni ìṣápá. Kuka, ewé igi oṣè gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè é ní lúrú. Ẹni tí ó bá ń sọ pé oúnjẹ wọn kò ṣeé jẹ, orúkọ rẹ̀ ni kò gbọ́ yé.

Ohun tí ó jẹ́ ti Kánò pọ́nńbélé tún wà, tí ó yẹ kí ènìyàn wá lọ. Gurasa ni ó ṣáájú, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú ààrò amọ̀ títí yóò fi jinná, tí wọ́n ń fi epo ẹ̀pà àti kúlíkúlì lílọ̀ pẹ̀lú ata jẹ. Masa gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ taushe dára ní òwúrọ̀. Kílíṣí, ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn, ni ó yẹ kí ẹni tí ń lọ sílé máa dì lọ fún àwọn òbí, dípò búrẹ́dì inú ọ̀rá tí wọ́n ń rà lójú ọ̀nà. Ní oṣù ààwẹ̀, kò bójú mu kí ènìyàn máa wá oúnjẹ kiri láàrin ìlú lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣínu tán, òpópónà yóò mọ́lẹ̀, kò sì sí ìgbà tí ìlú náà ń dùn rìn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni gbogbo èyí, pé Zoo Road ni àwọn ń lọ. Ibẹ̀ náà dára. Ilé ìtajà ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ado Bayero pè wà níbẹ̀ láti 2014, ìgboro tí ó mọ́ ni, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Shoprite, tí í ṣe ìsọ̀ tí ó tóbi jù nínú rẹ̀, ti palẹ̀ mọ́ kúrò ní January 2024. Kurmi ti wà fún ọdún tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì tíì palẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó lágbára ju ọ̀rọ̀ èdè àti oúnjẹ lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó dá. Ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn. Àwọn àgbà ń rántí 1953, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nítorí ìpàdé tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ wá ṣe ní Kánò. Wọ́n ń rántí 1966 àti ohun tí ojú àwọn Ìgbò rí. Wọ́n ń rántí October 1991. Ẹni tí ó rántí ìwọ̀nyí tí ó sì wí pé àárín àwọn ènìyàn òun ni òun yóò máa gbé kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbóná, kò sí ẹni tí kì í wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dé ìdí. Ní 18 March 2013, ibùdókọ̀ New Road ni bọ́ǹbù ti dún, láàrin àwọn tí ń wọkọ̀ lọ sí ìhà Gúúsù. Ní July ọdún kan náà, òpópónà Ẹnúgù ni. Ní May 2014, òpópónà Gold Coast ni. Inú Sábọ̀n-Gàrí ni gbogbo wọn. Ìlà tí òyìnbó fà kò dá ewu dúró lẹ́nu ibodè. Ó tilẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí ń wá ibi tí àwọn àlejò pọ̀ sí mọ ibi tí yóò lọ. Àwọn tí ń fa irú ewu bẹ́ẹ̀ kò sì ya Hausa sọ́tọ̀; mọ́sálásí ńlá ìlú Kánò náà fojú winá tirẹ̀ ní November 2014, ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ènìyàn púpọ̀ sì kú síbẹ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀rẹ́ ní Fagge tàbí nínú ìlú, tí alájà kan mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ní ìlẹ̀kùn méjì láti kàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ju ará ilé rẹ̀ lọ ní ẹyọ kan.

Ó tún kù síbì kan. Ní 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn, Sábó sì ni a ń pè é títí di òní, bẹ́ẹ̀ orúkọ Sábọ̀n-Gàrí ni wọ́n gé kúrú. Ta ni kò tíì gbọ́ ohun tí àwọn ará Ìbàdàn ń sọ nípa Sábó? Wọn a ní àwọn ará ibẹ̀ kì í bá ènìyàn da nǹkan pọ̀. Wọn a ní èdè wọn nìkan ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ wọn nìkan ni wọ́n ń jẹ, owó ìlú ni wọ́n sì ń kó lọ. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ ní Kánò nípa Sábọ̀n-Gàrí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà àti ìjanu orí kan náà. Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé òkè ọya ló wà ní ipò tí ó fi lè gbọ́ ìkùnsínú méjèèjì, ẹ̀bi rẹ̀ sì ni bí ó bá ń gbọ́ ẹyọ kan.

Ní February 2021, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn láàrin àwọn tí wọ́n ti jọ ń náà ọjà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ní kí ọkọ̀ oúnjẹ má ṣe gba Gúúsù lọ mọ́, ọ̀wọ́n àlùbọ́sà àti tòmátì sì dé ìgboro Èkó àti Ìbàdàn kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ nínú oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ibi tí ó yẹ kí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti rí alárinà ni Kánò, láàrin àwọn Yorùbá tí wọ́n mọ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ lójú àti lórúkọ. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó mọ ọ̀nà Dawanau nínú wọn? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pọ̀ ní Sábọ̀n-Gàrí, wọ́n ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń yan aṣọ. Kò ní ṣe wọ́n ní ibi kankan bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú ìpàdé wọn lọ́dún kí wọ́n fi lọ kí olórí àwọn alájà kan, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọn dání.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láì dúró de ẹgbẹ́, kí ó lọ sí Mariri, ní ọjà obì, ní òwúrọ̀ Sátidé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò gbé e débẹ̀. Adaidaita sahu ni wọ́n ń pè é ní Kánò, èyíinì ni pé kí ìlà yín dọ́gba, bí a ti ń wí fún àwọn tí ń kírun. Yóò bá àwọn àgbọ̀n ńláńlá níbẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ nínú, tí gbànja pupa àti funfun kún inú wọn. Kí ó tẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, kí ó sì bi alájà léèrè ibi tí wọ́n ti kó o wá. Bí kò bá jẹ́ Ṣàgámù ni ọkùnrin náà yóò dá, yóò jẹ́ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó pe orúkọ ìlú náà bí ẹni tí ó ti sùn níbẹ̀ rí.